Gbogbo Ìgbẹ́ Ẹlẹ́jẹ̀ Kọ́ Ni Jẹ̀díjẹ̀dí

Ọ̀rọ̀ ìlera ni mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó ló fà á.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó ń ta aṣọ béèrè ẹ̀yáwó pàjáwìrì láti fi tọ́jú ara rẹ̀. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní, "Nítorí jẹ̀díjẹ̀dí kẹ̀? Kó lọ mu àgbo." Obìnrin náà dáhùn pé òun ti mu àgbo fún ọdún kan àtààbọ̀, òun sì ti ra oògùn apakòkòrò lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri títí ó fi sú òun. Ẹ̀jẹ̀ kò dá lára ìgbẹ́ òun, ara òun sì ń rù. A fún un lówó náà. Nígbà tó dé ilé ìwòsàn, wọ́n ti ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní iná lórí gba ìdí rẹ̀ wo inú rẹ̀, wọ́n sì rí i pé kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí rárá. Egbò ló kún ìfun ńlá rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́, kí n ṣá má dárúkọ òun.

Kí ni àrùn náà? Àrùn ìfun wíwú ni, oríṣi méjì pàtàkì ló sì ní. Ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní ulcerative colitis, ìfun ńlá nìkan ló ń bà jẹ́. Èkejì ni àrùn Crohn, tó lè mú ibikíbi láti ẹnu dé ihò ìdí. Ọdún 1932 ni dókítà Burrill Crohn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, Leon Ginzburg àti Gordon Oppenheimer, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní New York. Inú rírun, ìgbẹ́ gbuuru tí kì í lọ, ẹ̀jẹ̀, rírù àti àárẹ̀ ni àmì wọn. Ó lè rọlẹ̀ fún oṣù mélòó kan kó tún padà. Kì í ran ẹlòmíràn, nítorí náà kò sí ìdí tí a ó fi máa sá fún ẹni tó ní in.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ẹ jẹ́ ká wo ìfun bí ọjà. Nínú ìfun gbogbo wa ni àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ń gbé. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ ní 2016 pé iye wọn lára àgbàlagbà kan tó nǹkan bí tírílíọ̀nù 38, síbẹ̀ gbogbo wọn lápapọ̀ kò wọ̀n ju nǹkan bí gíráàmù 200 lọ. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọ̀tá. Háhá inú ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti èso tí inú wa kò lè dà, àwọn ló ń jẹ ẹ́. Wọn a wá san owó ìsọ̀ fún wa: wọ́n ń ṣe èròjà kan tó ń jẹ́ butyrate, òun sì ni oúnjẹ pàtàkì fún awọ inú ìfun ńlá.

Awọ yìí ni ògiri ọjà. Lẹ́yìn ògiri ni àwọn ọlọ́dẹ wà, ìyẹn àwọn ọmọ ogun ara tó ń bá àrùn jà. Bí nǹkan bá ń lọ déédéé, ọlọ́jà ń tajà, ọlọ́dẹ ń ṣọ́nà, kò sẹ́ni tó ń yọ ẹnì kejì lẹ́nu. Nínú àrùn yìí, ọlọ́dẹ a dojú ìjà kọ ọlọ́jà, a máa yìnbọn láìdáwọ́ dúró, ògiri ni ọta sì ń bà. Ibẹ̀ ni egbò àti ẹ̀jẹ̀ ti ń wá.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ọwọ́ àwọn kòkòrò náà wà níbẹ̀? Ní 1991, Paul Rutgeerts àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Leuven, nílẹ̀ Belgium, ròyìn àwọn alárùn Crohn tí wọ́n ti gé ibi tó bàjẹ́ kúrò nínú ìfun wọn. Wọ́n darí ìgbẹ́ gba ojú ikùn fún oṣù 6, kó má baà kan ibi tí wọ́n rán. Àrùn kò padà síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n so ìfun pọ̀, tí ìgbẹ́ tún ń gba ibẹ̀ kọjá, àrùn padà.

Ní 1998, àwọn oníwádìí ní North Carolina, ní Amẹ́ríkà, lo àwọn eku tí kò ní èròjà tó ń pẹ̀tù sí àwọn ọlọ́dẹ ara nínú. Àwọn eku tí kòkòrò wà nínú ìfun wọn ṣàìsàn. Àwọn tí wọ́n sìn níbi tí kòkòrò kankan kò lè dé kò ṣe é. Ìjà kò lè wáyé níbi tí kò sí ẹni tí a ó bá jà.

Ní 2008, Harry Sokol àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé rí i pé kòkòrò rere kan, Faecalibacterium prausnitzii, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe butyrate, kéré lára àwọn tí àrùn Crohn wọn tètè padà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ní 2019 ni àbájáde iṣẹ́ ńlá kan jáde ní Amẹ́ríkà. Ènìyàn 132 ni wọ́n tẹ̀ lé fún ọdún kan gbáko, wọ́n sì ń yẹ ìgbẹ́ wọn wò léraléra. Lára àwọn alárùn, nígbà tí ara bá dà rú, àwọn ọlọ́jà rere a dín kù, àwọn mìíràn a gba ìsọ̀ wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Ṣé àwọn ọlọ́jà rere ló kọ́kọ́ kó lọ kí ìjà tó bẹ́, àbí ìjà ló lé wọn? Ìbéèrè tí wọ́n ṣì ń wádìí nìyẹn. Ní 2015, wọ́n gbé ìdánwò kan jáde ní Kánádà. Wọ́n pò ìgbẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ le mọ́ omi, wọ́n sì gbà á sínú ìfun àwọn tó ní ulcerative colitis láti ìdí, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 6. Nínú ènìyàn 38 tó gbà á, ara 9 balẹ̀. Nínú 37 tó gba omi lásán, ara 2 ló balẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ fún àwọn kan, ṣùgbọ́n 29 nínú àwọn 38 náà kò rí i bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá gbé ìgò wá sí ìsọ̀ yín pé òun ní ohun tó ń tún ìfun ṣe pátápátá, ẹ pa owó yín mọ́. Ẹ má sì dán ti ìgbẹ́ yẹn wò nílé o. Àrùn mìíràn lè gba ibẹ̀ wọlé.

Kí ni ká wá ṣe? Ẹni tó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tàbí tí inú rẹ̀ ń ṣí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó lọ rí dókítà. Wọn a kọ́kọ́ wò ó bóyá ọ̀rìn ni, tàbí ikọ́ ife tó mú ìfun, nítorí wọ́n jọra wọn, ìtọ́jú wọn sì yàtọ̀. Ẹ yé gbé oògùn apakòkòrò mì láìjẹ́ pé dókítà ní kí ẹ lò ó. Kì í mọ olè yàtọ̀ sí ọlọ́jà. Gbogbo wọn ló ń lé. Ẹ máa jẹ ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti èso, ṣùgbọ́n ẹni tí àrùn yìí ń dà láàmú lọ́wọ́ kó bi dókítà rẹ̀ léèrè oúnjẹ tó yẹ ẹ́.

Obìnrin tí mo sọ yẹn ń lo oògùn tó ń mú àwọn ọlọ́dẹ ara rọlẹ̀. Ó ti padà sí ìsọ̀ rẹ̀, ó sì ń san ẹ̀yáwó rẹ̀ lóṣooṣù. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, bí ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn bá tún wá bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu rẹ̀ tán ká tó ní kó lọ mu àgbo.

Èmi ni Akọ̀wé yín.