Ológbò Tó Ń Fi Ẹ̀jẹ̀ Gba Ẹlẹgbẹ́ Rẹ̀ Là

Láti ọjà Ṣàbó ní Ìkòròdú títí dé ọjà ẹja Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, nítorí eku ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń sin ológbò. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi ń pa eku lè pa ológbò pẹ̀lú. Májèlé eku kan wà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Bí ológbò bá jẹ eku tó ti jẹ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà nínú rẹ̀ láìsí ojú ọgbẹ́. Fítámì K ni oògùn rẹ̀, àmọ́ kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dà jù, àfi kí dókítà ẹranko gba ẹ̀jẹ̀ lára ológbò mìíràn fún un. Ṣé ó wá yẹ ká fi ẹ̀mí ẹni tó ń fúnni wewu? Kò yẹ, kò sì di dandan, bí a bá ti múra sílẹ̀ kí ọ̀ràn tó dé.

Ìmúra yìí ṣe pàtàkì nítorí ẹ̀jẹ̀ ológbò kò pọ̀. Èyí tó wọn kílò 5 ní nǹkan bíi mìlílítà 300. Bí a bá gba 50, ìdá kan nínú mẹ́fà ti lọ. Àgbàlagbà èèyàn tó fi mìlílítà 450 tọrẹ kì í sábà fi tó ìdá kan nínú mẹ́wàá sílẹ̀. Nítorí náà, ológbò tó sanra níwọ̀n, tó ti kọjá ọdún kan tí kò sì tíì darúgbó, ni a ń yàn. Wọ́n á fá irun ọrùn rẹ̀, wọ́n á rọra fa ẹ̀jẹ̀ láti inú iṣan ńlá ibẹ̀, wọ́n á sì fi omi ìtọ́jú dípò rẹ̀. Oògùn ìtura tó ń mú kó dúró jẹ́ ni kò ṣe é fọwọ́ yẹpẹrẹ mú, torí àrùn ọkàn máa ń fara pamọ́ sára ológbò. Ó yẹ ká yẹ ọkàn rẹ̀ wò kí abẹ́rẹ́ tó wọlé.

Àwọn kan á ní ká kàn mú èyí tó ń rìn kiri ọjà. Rárá o. Ó lè ní kòkòrò àrùn FIV tàbí FeLV, tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri. Oríṣi ẹ̀jẹ̀ ológbò tún jẹ́ A, B àti AB; ẹ̀jẹ̀ A díẹ̀ péré lè pa ológbò tó ní oríṣi B. Ẹ̀jẹ̀ ajá ńkọ́? Ó lè ràn án lọ́wọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún fún un lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó lè pa á.

Ẹlòmíràn á ní èèyàn gan-an kò rí ẹ̀jẹ̀ tó. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ológbò kò wúlò fún èèyàn, bí a bá sì ń sunkún, a máa ń ríran. Àtakò tó wúwo jù ni pé ológbò kò lè sọ pé òun gbà. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé àwa la gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọ. Kí àwọn dókítà ẹranko Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ jọ ní àkọsílẹ̀ àwọn ológbò tí olówó wọn yọ̀ǹda, tí wọ́n ti yẹ̀ wò, tí a mọ oríṣi ẹ̀jẹ̀ wọn àti ọjọ́ tí wọ́n fúnni kẹ́yìn. Èyí tó bá sì ń jà kíkankíkan, kí wọ́n fi í sílẹ̀.