Ọmọ Erin, Ọmọ Ọ̀kín: Orílẹ̀ Wa ní Ìlọrin

Níbi ìnáwó ní Ìlọrin, lẹ́yìn tí àwọn alùfáà bá ti so yìgì tán, tí akọrin dàdàkúàdà sì ń múra àtiki ọkọ ìyàwó, yóò kọ́kọ́ dọ́gbọ́n bi àwọn ará ilé léèrè pé ọmọ ibo ni. Bí wọ́n bá ní ọmọ Ọlọ́fà ni, ọ̀kín ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu. Bí wọ́n bá ní ọmọ Erin ni, ohùn orin yóò yí padà. Orí ẹni tí wọ́n ń kì á wú, ọwọ́ rẹ̀ á sì wọ àpò. Wọ́n ti pe orílẹ̀ rẹ̀.

Orílẹ̀ ni ẹranko, ẹyẹ tàbí ohun mìíràn tí ìdílé fi ń dá ara wọn mọ̀. Samuel Johnson to púpọ̀ nínú wọn sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921: Erin, Ọ̀kín, Òpó, Àgbò àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀dọ̀ bàbá ni ọmọ ti ń gbà á, àmọ́ bí ìdílé ìyá bá lọ́lá ju ti bàbá, ìyá a máa fi tirẹ̀ kẹ́ ọmọ. Obìnrin tó relé ọkọ kì í gba orílẹ̀ ọkọ. Ọmọ Ọ̀kín ló jẹ́ wọlé, ọmọ Ọ̀kín náà ni yóò jẹ́ títí dọjọ́ alẹ́. Èyí ló wù mí jù nínú ètò náà, nítorí pé kò sí ọkọ tó lè gba ilé bàbá lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Àwọn Akan ní Ghana náà ní irú orílẹ̀ báyìí: àṣá ni ti ìdílé Oyoko tí Asantehene, ọba Asante, ti ń jáde, àmọ́ ọ̀dọ̀ ìyá ni wọ́n ti ń jogún tiwọn.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ sọ́dọ̀ ẹyẹ ọ̀kín, torí Ọ̀fà, ìlú Ọlọ́fà, kò jìnnà sí wa. Wo adé ọba dáadáa. Ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́ẹ́rẹ́ bo ọba lójú, àwọn ẹyẹ kéékèèké tí wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe bà sí ara adé, ní ṣóńṣó rẹ̀ ni ìyẹ́ ìrù ọ̀kín wà, ó funfun, ó gùn, ó ń mì lẹ́lẹ́ bí ọba ti ń rìn. Ẹyẹ tí ìyẹ́ rẹ̀ ń gbé orí ọba ni ìdílé Ọlọ́fà fi ń pe ara wọn. Lẹ́yìn ogun Jálumi ti 1878, ọmọ ogun Ìlọrin dó ti Ọ̀fà fún ọ̀pọ̀ ọdún títí ìlú náà fi fọ́. Àwọn ará ibẹ̀ fọ́n ká, wọ́n bímọ sí ìlú onílùú, síbẹ̀ ọmọ Ọ̀kín ni àwọn ọmọ náà ń jẹ́. Ogun kó ilé, kò rí orílẹ̀ kó.

Òpó kì í ṣe ẹran, kì í ṣe ẹyẹ. Ìdílé Òpómúléró ló ni ín, wọ́n sì máa ń yin aṣọ gan-an nínú oríkì wọn. Ní ìlú aláṣọ òfì bíi tiwa, ọ̀rọ̀ náà yé wa.

Ní ti erin, ọmọ Erin tó bá fẹ́ rí i nínú igbó lónìí lè ní láti rìnrìn àjò dé ọgbà ẹranko Yankari ní Ìpínlẹ̀ Bauchi.

Àwọn kan ń sọ pé kí Mùsùlùmí jáwọ́ nínú oríkì orílẹ̀. Mi ò gbà. Kò sẹ́ni tó ń forí balẹ̀ fún ọ̀kín níbi yìgì. Nínú Súrà Al-Hujurat, Ọlọ́run sọ pé òun dá wa ní orílẹ̀-èdè àti ìdílé kí a lè mọ ara wa. Kí ni oríkì orílẹ̀ ń ṣe bí kò ṣe kó jẹ́ ká mọ ara wa? Ní Ìlọrin tí Yorùbá, Fúlàní, Gàmbàrí, Tápà àti Bàrùbá ti fẹ́ ara wọn, àwọn akọrin dàdàkúàdà bíi Odòlayé Àrẹ̀mú àti Jáígbadé Àlàó fi èdè Yorùbá ki èèyàn láìwo ibi tí baba ńlá rẹ̀ ti wá.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni àwọn ọmọ tó mọ àdúgbò wọn, tí wọn kò mọ orílẹ̀. Adébóyè Babalọlá kó púpọ̀ jọ sínú ìwé rẹ̀, Àwọn Oríkì Orílẹ̀, ní 1967, àmọ́ ti agboolé yín lè má sí níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bá ìyá àgbà yín lọ́sẹ̀ yìí, ẹ ní kó kì yín, kí ẹ sì gbà á sórí fóònù.