Ọmọ Tí Ó Ń Tọ̀ Sílé

Ní Arepo, lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń múra iṣẹ́ Èkó. Bí ìyá bá jí ọmọ ní irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀, tí ó rí i pé ẹní tutù, inú rẹ̀ kì í dùn. Aṣọ tún di fífọ̀, àkókò kò sì sí. Ibẹ̀ ni pàṣán ti ń jáde. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ díẹ̀ ná.

Láyé àtijọ́, àwọn mìíràn á so ọ̀pọ̀lọ́ mọ́ ọmọ nídìí. Àwọn mìíràn á ní kí ẹgbẹ́ rẹ̀ máa kọrin tẹ̀ lé e kiri àdúgbò. Wọ́n rò pé ìtìjú yóò wò ó sàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sùn kò mọ ohun tí òun ń ṣe. Ọmọ náà kò mọ̀ọ́mọ̀, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ.

Kí ló ń fà á?

Àpò ìtọ̀ wà nínú ara wa. Bí ó bá kún, á ránṣẹ́ sí ọpọlọ, a ó sì jí. Ọpọlọ ọmọ kékeré kò tí ì mọ bí a ti ń gbọ́ ìpè yìí lójú oorun. Ti ọmọ mìíràn, ìtọ̀ rẹ̀ ló pọ̀ lóru. Ó sì ń bá ìdílé rìn: ẹ bi ìyá yín léèrè, bóyá ẹ̀yin náà tọ̀ sílé rí! Nínú ọmọ ọdún 5 tí ó tó 100, bí 15 ló ṣì ń tọ̀ sílé. Bí wọ́n bá pé ọdún 10, ó ku bí 5.

Kí ni kí a ṣe?

1. Kí ọmọ mu omi dáadáa lọ́sàn-án, kí ó dín in kù bí oorun bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Kò gbọdọ̀ mu tíì tàbí ọtí ẹlẹ́rìndòdò lálẹ́.
2. Kí ó tọ̀ kí ó tó sùn, bí ìtọ̀ kò tilẹ̀ gbọ̀n ọ́n.
3. Ẹ gbé póò sítòsí rẹ̀, kí iná díẹ̀ sì wà níbẹ̀.
4. Ẹ tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ aṣọ ibùsùn.
5. Ẹ máa fún un ní ẹ̀fọ́ àti èso, nítorí àìrígbẹ̀ẹ́yà a máa fún àpò ìtọ̀ mọ́lẹ̀.
6. Ẹ má nà án, ẹ má fi ṣẹ̀sín. Bí ó bá rántí tọ̀ kí ó tó sùn, ẹ yìn ín.

Ìgbà wo ni kí a lọ sí ilé ìwòsàn?

Bí ọmọ bá ti fi oṣù 6 dáwọ́ dúró kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀, tàbí tí ìtọ̀ ń ta á, ẹ mú un lọ. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́ ṣáá tí ó sì ń rù, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú: ó lè jẹ́ àtọ̀gbẹ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìtọ̀, ó lè jẹ́ àtọ̀sí ajá, tí à ń kó nínú odò. Wọ́n ti rí i lára àwọn ọmọ etí omi Ọ̀yán tí a sé lẹ́bàá Abẹ́òkúta.

Ọmọ tí ó ní fòníkú-fọ̀ladìde a máa tọ̀ sílé ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, nítorí kíndìnrín rẹ̀ kò lè dá omi dúró. Tirẹ̀ yàtọ̀ o! Ẹ má dín omi rẹ̀ kù rárá, ìbáà ṣe lálẹ́. Bí omi bá wọ́n lára rẹ̀, ìrora egungun lè dé.

Ẹní tí ó tutù yóò gbẹ bí a bá sá a sóòrùn. Ọgbẹ́ ìtìjú kì í tètè jinná.