Bíróílà ní Ilẹ̀ Kòkó: Irú Adìẹ àti Àfikún Oúnjẹ Rẹ̀ ní Ìdànrè

Bíróílà ni adìẹ tí wọ́n ń sìn fún ẹran nìkan. Òròmọdìẹ ọlọ́jọ́ kan tí kò wúwo ju nǹkan bí 40 gíráàmù lọ lè di adìẹ oníkílò méjì láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, bí oúnjẹ àti ìtọ́jú bá pé. Oúnjẹ ló ń gba owó jù níbẹ̀: nǹkan bí 60 sí 70 nínú 100 gbogbo owó tí ọlọ́sìn ń ná ló ń bá a lọ. Láti ara oúnjẹ yìí kan náà ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìpalára tí ọ̀sìn bíróílà ń ṣe fún àyíká ti ń wá, nítorí igbó tí wọ́n ń ṣán láti gbin àgbàdo àti sóyà, ajílẹ̀ tí wọ́n ń fọ́n sí i, àti epo tí ọkọ̀ ń jó láti kó o. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀sìn yìí tọ́jọ́, kí èrè wà lórí rẹ̀, kí ó má sì ba ilẹ̀ àti omi jẹ́, ibi méjì ni yóò ti bẹ̀rẹ̀: irú adìẹ tó rà, àti èròjà tó pò mọ́ oúnjẹ rẹ̀. Méjèèjì so mọ́ra, nítorí irú adìẹ ló ń sọ irú oúnjẹ tí ọlọ́sìn kò gbọdọ̀ ṣe aláìní.

Ọ̀rọ̀ náà hàn kedere ní Ìdànrè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àárín àwọn òkè àpáta ni ìlú náà wà, kò sì jìnnà sí Àkúrẹ́. Kòkó ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ fi ṣe iṣẹ́ ṣe, àgbègbè náà sì wà lára àwọn tí kòkó ti ń jáde jù ní Nàìjíríà. Wọ́n ń gbin àgbàdo àti gbágùúdá pẹ̀lú, ṣùgbọ́n láti Benue àti ìhà àríwá ni ọkọ̀ ti ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀wà sóyà wá sí ìhà gúúsù. Bí owó epo bá lọ sókè, owó oúnjẹ adìẹ á tẹ̀ lé e.

Inú ẹ̀jẹ̀ bíróílà òde òní ni yíyára tó ń yára dàgbà ti wá. Ní 2014, àwọn olùwádìí Yunifásítì Alberta ní Kánádà gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n sin irú adìẹ ẹran ti 1957, ti 1978 àti Ross 308 ti 2005 pọ̀, wọ́n sì fún gbogbo wọn ní oúnjẹ kan náà. Nígbà tí wọ́n pé ọjọ́ 56, ti 1957 wọn 905 gíráàmù, ti 1978 wọn 1,808, ti 2005 sì wọn 4,202. Kò sí èròjà tí wọ́n lè pò mọ́ oúnjẹ tó lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ilé-iṣẹ́ ńlá méjì, Aviagen àti Cobb-Vantress, ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú irú bíróílà tí gbogbo ayé ń sìn. Àwọn orúkọ tí ọlọ́sìn Nàìjíríà mọ̀ dáadáa ni Ross 308, Arbor Acres, Cobb 500 àti Marshall.

Adìẹ tó ń yára tó báyìí kì í gba ìyà. Oúnjẹ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní èròjà amúaradàgbà tó 22 sí 23 nínú 100, oúnjẹ ìparí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ní nǹkan bí 19 sí 20. Bí oúnjẹ bá dín kù sí èyí, ìdàgbàsókè á dúró, owó tí ọlọ́sìn fi ra òròmọdìẹ tó wọ́n á sì ṣòfò. Ooru tún wà níbẹ̀. Adìẹ kì í làágùn. Mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń lé ooru jáde lára. Ibi tí ooru rẹ̀ kò ju 18 sí 24 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló bá bíróílà tó ti hu ìyẹ́ tán lára mu. Ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn ní Ìdànrè a máa kọjá 30, bí ọ̀rinrin bá sì pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, mímí náà kì í fi bẹ́ẹ̀ tu adìẹ lára. Bíróílà tó wúwo jù, tó ti ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tà á, ni ooru sábà máa ń pa, lẹ́yìn tó ti jẹ oúnjẹ tán.

Àwọn adìẹ ìbílẹ̀ ní ohun tí bíróílà kò ní. Nínú wọn ni a ti ń rí èyí tí ọrùn rẹ̀ pá láìní ìyẹ́, tí ìyẹ́ gbogbo ara rẹ̀ sì fi nǹkan bí 20 sí 40 nínú 100 dín ju ti adìẹ mìíràn lọ. Ooru máa ń tètè jáde lára irú adìẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń mú irú adìẹ jáde ti ń lo ẹ̀jẹ̀ ìbílẹ̀ báyìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Adebambo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ọ̀gbìn ti Abẹ́òkúta ló mú FUNAAB Alpha jáde. Ilé-iṣẹ́ Amo Farm Sieberer Hatchery ní Awẹ́, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ló ni Noiler, tó wà fún ẹran àti ẹyin. Nínú iṣẹ́ African Chicken Genetic Gains, tí ILRI, àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìwádìí ẹran ọ̀sìn, darí, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babafunso Sonaiya ti Yunifásítì Obafemi Awolowo ní Ilé-Ifẹ̀ sì ṣe aṣáájú rẹ̀ ní Nàìjíríà, wọ́n kó FUNAAB Alpha àti Noiler pọ̀ mọ́ Kuroiler, Sasso, Shika Brown àti adìẹ Fúlàní, wọ́n sì gbé wọn fún àwọn ọlọ́sìn abúlé láti fi dán wọn wò.

Èwo ni kí ará Ìdànrè rà nínú wọn? Níbi tó bá jẹ́ pé gbogbo oúnjẹ ni wọ́n ń fi owó rà, tí iná, omi àti afẹ́fẹ́ sì dájú, Ross tàbí Cobb ló dára jù, kódà fún àyíká, nítorí oúnjẹ tó ń jẹ kí ó tó fi kílò kan kún ara rẹ̀ kéré. Níbi tí adìẹ ti ń jẹ̀ káàkiri oko kòkó, tó ń ṣa kòkòrò àti koríko jẹ, tí owó oúnjẹ kò sì dájú, Noiler tàbí FUNAAB Alpha ló yẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò pẹ́ ju bíróílà lọ kí ó tó tó ó tà. Àṣìṣe tó ń ná ọlọ́sìn lówó jù ni kí ó ra adìẹ tó ń yára, kí ó wá máa fún un ní oúnjẹ adìẹ abúlé.

Àfikún oúnjẹ ni èròjà tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ ní ìwọ̀n kékeré, bíi gíráàmù tàbí kílò mélòó kan nínú tọ́ọ̀nù kan. Methionine àti lysine, tí wọ́n wà lára ohun tí ara fi ń kọ́ amúaradàgbà, ṣe kókó nínú wọn. Lysine kò tó nínú àgbàdo, methionine kò sì tó nínú sóyà. Bí wọ́n bá fi méjèèjì kún un, sóyà tó wọ́n á dín kù nínú oúnjẹ, ìyàgbẹ́ adìẹ kò sì ní rùn tó bẹ́ẹ̀, nítorí amúaradàgbà tí ara kò lò ló ń di òórùn tó ń ta ojú àti ẹ̀dọ̀fóró adìẹ nínú ilé.

Ẹ́ńsáìmù ló tẹ̀ lé e. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta phosphorus tó wà nínú àgbàdo àti sóyà ni inú adìẹ kò lè tú fúnra rẹ̀. Ẹ́ńsáìmù tí wọ́n ń pè ní phytase, tí wọ́n kọ́kọ́ tà ní ọjà ní Nẹ́dálándì ní 1991, ló ń tú u. Láìsí i, phosphorus náà á bá ìyàgbẹ́ jáde, òjò á sì gbé e lọ sínú odò. Àwọn ẹ́ńsáìmù mìíràn ń ṣiṣẹ́ lórí okùn líle tó wà nínú èérí àgbàdo, ṣàǹrà èkùrọ́ àti èèpo gbágùúdá. Ní Ìbàdàn, ILRI àti IITA, àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìwádìí ọ̀gbìn ilẹ̀ olóoru, ti fi ọ̀nà hàn láti rin èèpo gbágùúdá, kí wọ́n fún omi rẹ̀ kúrò, kí wọ́n sì sá a gbẹ, kí májèlé inú rẹ̀ lè dín kù kí ó tó di oúnjẹ ẹran.

Ní Ìdànrè, èèpo kòkó ni ohun tó pọ̀ jù tí ẹnikẹ́ni kò rà. Ìwọ̀n èèpo ju ìdajì odidi èso kòkó lọ dáadáa. Bí wọ́n bá pa kòkó tán, ìdí igi ni èèpo ń jẹrà sí, ibẹ̀ sì ni àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú ti lè rí ibùgbé. Àwọn olùwádìí CRIN, ilé ìwádìí kòkó ti Nàìjíríà ní Ìdí-Ayùnrẹ́, Ìbàdàn, àti ti àwọn yunifásítì ti ń yẹ̀ ẹ́ wò tipẹ́ bóyá adìẹ lè jẹ ẹ́. Ó lè jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni. Okùn líle pọ̀ nínú rẹ̀, amúaradàgbà kò pọ̀, theobromine sì wà níbẹ̀, èyí tó jẹ́ ìbátan kaféènì inú obì, tó sì lè ṣe adìẹ ní jàǹbá. Potassium inú rẹ̀ náà pọ̀, òun ló jẹ́ kí eérú èèpo kòkó dára fún ọṣẹ dúdú, ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ nínú oúnjẹ, adìẹ á máa mu omi jù, ilẹ̀ ilé rẹ̀ á sì máa tutù. Èèpo tí wọ́n ti sá gbẹ, tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n sì fi ẹ́ńsáìmù tì lẹ́yìn, lè gba ipò díẹ̀ nínú oúnjẹ ìparí, kì í ṣe ti ìbẹ̀rẹ̀. Èèpo láti oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fín oògùn oníkọ́pà sí kò gbọdọ̀ dé ẹnu adìẹ rárá.

Antibáyọ́tíìkì ni ó yẹ kí ìbẹ̀rù wà lórí rẹ̀ jù. Ní nǹkan bí 1949 ni wọ́n rí i ní Amẹ́ríkà pé ìwọ̀n kékeré rẹ̀ nínú oúnjẹ ń mú adìẹ yára dàgbà, àṣà náà sì tàn ká ayé. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n kékeré yìí ń jẹ́ kí oògùn mọ́ kòkòrò àrùn lára, irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ kì í sì pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ ènìyàn. Sweden fi òfin de àṣà yìí ní 1986, àwọn orílẹ̀-èdè ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2006, Ṣáínà sì yọ colistin, ọ̀kan lára àwọn oògùn náà, kúrò nínú oúnjẹ ẹran ní 2017. Ó dára kí ọlọ́sìn lo àwọn kòkòrò tó ń ṣe ara láǹfààní bíi Lactobacillus, ásíìdì inú omi mímu, tàbí aáyù, atalẹ̀ àti efinrin tí ọ̀pọ̀ ń rẹ sínú omi. Iṣẹ́ ewé àti egbò kò dúró lójú kan, nítorí agbára wọn yàtọ̀ láti oko sí oko. Ilé tó gbẹ, omi tó mọ́ àti abẹ́rẹ́ àjẹsára lásìkò ló ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń retí lára antibáyọ́tíìkì.

Oró aflatoxin ló kù. Inú àgbàdo àti ẹ̀pà tó bu ni ó ń gbé. Ní 1960, òun ló pa tòlótòló tó lé ní 100,000 ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Inú òjò ni wọ́n ń kórè àgbàdo àkọ́kọ́ ní ìhà gúúsù, kì í sì í rọrùn láti sá a gbẹ. IITA ṣe Aflasafe, tí NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2014, fún àgbẹ̀ láti fọ́n sí oko kí àgbàdo tó gbó, kí oró náà lè dín kù. Amọ̀ tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ máa ń fa oró náà mọ́ra díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ oúnjẹ burúkú di rere. Àgbàdo tó ti bu, kí ọlọ́sìn má rà á, bó ti wù kí owó rẹ̀ wálẹ̀ tó.