Bí Àyẹ̀wò Ìgbọ̀nsẹ̀ Bá Rí Ẹ̀jẹ̀, Ẹ Má Fi Àyẹ̀wò Kejì Falẹ̀

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá wà láàárín ọdún 50 sí 74, tó sì ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò rẹ̀, ni NHS ń fi ohun èlò àyẹ̀wò ìgbọ̀nsẹ̀ ránṣẹ́ sí nílé lọ́dún méjì-méjì, lọ́fẹ̀ẹ́. FIT ni orúkọ àyẹ̀wò náà. Ẹ̀jẹ̀ tó fara pamọ́ sínú ìgbọ̀nsẹ̀, tí ojú lásán kò lè rí, ló ń wá. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó bá ṣe é, nǹkan bí èèyàn méjì ni lẹ́tà máa ń sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n rí ju ìwọ̀n lọ, kí wọ́n wá fún àyẹ̀wò síwájú sí i. Àwọn yẹn la kọ ìwé yìí fún, àti àwọn ẹbí tí wọ́n máa fọ̀rọ̀ lọ̀. Ohun tí a fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ni pé FIT nìkan kò lè gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ jẹjẹrẹ ìfun. Àyẹ̀wò tó tẹ̀ lé e ló ń gbani, bí a bá ṣe é lásìkò.

Ohun tí lẹ́tà náà ń sọ

Lẹ́tà náà kò sọ pé ẹ ní jẹjẹrẹ. Ẹ̀jẹ̀ lè wá láti ara jẹ̀díjẹ̀dí, ó lè wá láti ara egbò tàbí ìfun tó wú, ó sì lè wá láti ara ẹran kékeré tó hù sínú ìfun ńlá, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní pọ́líìpù. Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ náà. FIT kò lè sọ èyí tó jẹ́ nínú wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní láti fi kámẹ́rà kékeré tó wà lẹ́nu rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ wo inú ìfun. Kọlọnọ́síkópì ni wọ́n ń pe èyí. Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ń ṣe é ni wọn kì í bá jẹjẹrẹ lára wọn. Pọ́líìpù ni wọ́n máa ń rí lára ọ̀pọ̀, wọ́n á sì gé e kúrò lójú ẹsẹ̀, láìsí ìrora. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú pọ́líìpù ló ń di jẹjẹrẹ, ó sì sábà máa ń gbà tó ọdún mẹ́wàá. Kékeré la ti ń pẹ̀kan ìrókò, nítorí tó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ jẹjẹrẹ ni wọ́n bá, àkókò ló máa sọ bí yóò ṣe rí: bó bá ṣì wà ní ìpele kìíní, ó ju 90 lọ nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó ń wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún, bó bá ti ràn dé ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró, nǹkan bíi 10 péré ni.

Ohun tí ìwádìí fi hàn

Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí yẹ àkọsílẹ̀ èèyàn 70,124 wò tí FIT rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbọ̀nsẹ̀ wọn. Ọdún 2017 ni ìwádìí náà jáde. Nínú ẹgbẹ̀rún àwọn tó ṣe kọlọnọ́síkópì láàárín ọjọ́ 8 sí 30, nǹkan bíi 30 ni wọ́n bá jẹjẹrẹ lára wọn, 8 nínú wọn ló sì ti wọra. Nínú ẹgbẹ̀rún àwọn tó jẹ́ kó lé ní ọdún kan, 76 ni wọ́n bá a lára wọn, tiwọn tó ti wọra sì tó 31. Ní agbègbè Veneto ní Ítálì, ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2022 wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún mẹ́wàá. Nínú ẹgbẹ̀rún àwọn tó lọ fún àyẹ̀wò kejì, nǹkan bíi 7 ni jẹjẹrẹ ìfun pa. Nínú ẹgbẹ̀rún àwọn tí kò lọ, ó pa 16.

Ẹni tó bá fara balẹ̀ ka ìwádìí California náà lè sọ pé àwọn tó lọ kí oṣù mẹ́wàá tó pé kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí àwọn tó tètè lọ, kí wá ni ìkánjú wà fún? Òótọ́ ni, ó sì yẹ kó fi yín lọ́kàn balẹ̀: ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ẹ bá fi dúró de ọjọ́ tí ilé ìwòsàn dá kò ní ba nǹkan jẹ́. Ṣùgbọ́n ìṣirò ọ̀pọ̀ èèyàn nìyẹn, kò lè sọ ohun tó wà nínú ìfun ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni tó bá sì ń sọ pé òun á lọ tó bá yá, iṣẹ́ ń bẹ, òde ń bẹ, ìrìn àjò sílé ń bẹ. Kó tó mọ̀, ọdún ti yípo.

Àwọn ìdí tí àwọn èèyàn fi ń kọ̀ ọ́

Àwọn kan ní jẹ̀díjẹ̀dí ló ń yọ àwọn lẹ́nu. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ jẹ̀díjẹ̀dí kò ní kí pọ́líìpù má wà nínú ìfun kan náà, agbo jẹ̀díjẹ̀dí kò sì lè mú pọ́líìpù kúrò. Àwọn kan ní ara àwọn le. Torí ẹni tí ara rẹ̀ le gan-an ni wọ́n ṣe gbé ètò yìí kalẹ̀, nítorí pọ́líìpù àti jẹjẹrẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kì í sábà dunni. Àwọn mìíràn fẹ́ tún FIT ṣe, bóyá kò ní rí ẹ̀jẹ̀ mọ́. Ó lè má rí i lóòótọ́, nítorí pọ́líìpù kì í ṣẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́, àmọ́ ìyẹn kò sọ pé kò sí níbẹ̀. Ojú sì ń ti ọ̀pọ̀ láti ṣí ìdí sílẹ̀ fún àjèjì. A kò fojú kéré èyí. Ẹ lè béèrè bóyá obìnrin tàbí ọkùnrin ló máa ṣe é, wọ́n á fún yín ní aṣọ tó bo ara, oògùn tó ń mú ara rọ̀ sì wà. Ewu rẹ̀ kò pọ̀: ìfun kì í sábà lu, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í sábà dà púpọ̀, nọ́ọ̀sì á sì ṣàlàyé èyí kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹni tó ń gbàdúrà lè gbàdúrà lọ síbẹ̀.

Ohun tí ẹ óò ṣe

Ẹ gba ọjọ́ tí wọ́n bá fún yín láti bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀. Bí èdè Gẹ̀ẹ́sì kò bá yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu, ẹ béèrè ògbufọ̀ Yorùbá, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ sọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò fún nọ́ọ̀sì náà, pàápàá èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, oògùn àtọ̀gbẹ, oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní áyọ́ọ̀nù, àti agbo. Ẹ má ṣe dá èyíkéyìí dúró fúnra yín. Ẹ mu oògùn tó ń fọ ìfun bí wọ́n bá ṣe júwe rẹ̀, nítorí bí ìfun kò bá mọ́, kámẹ́rà kò ní ríran dáadáa. Bí wọ́n bá máa fún yín ní oògùn tó ń mú ara rọ̀, ẹ mú ẹnì kan dání tó máa sìn yín délé. Bí ara yín kò bá gba kọlọnọ́síkópì, àyẹ̀wò tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ CT ya àwòrán ìfun wà.

Bí ìrìn àjò sí Nàìjíríà bá bọ́ sí àsìkò náà, ẹ pe ilé ìwòsàn kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, kí wọ́n lè dá ọjọ́ tó sún mọ́. Bó bá sì jẹ́ pé lẹ́tà náà ti wà nílé láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ má ṣe torí ìtìjú dákẹ́. Ẹ pe ètò àyẹ̀wò ìfun NHS lórí 0800 707 6060 lónìí, wọ́n á bá yín wá ọjọ́ mìíràn.