Púrínsípà Tó Gbé Pàṣán Sílẹ̀: Iṣẹ́ Wo Ló Kù Fún Un?

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1970, ní ilé-ìwé girama kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Drew ní ìlú Miami, olùkọ́ ní kí ọmọkùnrin ọmọ ọdún 14 kan ṣe ohun kan, ọmọ náà kò sì tètè ṣe é. Wọ́n mú un dé ọ́fíìsì púrínsípà. Igbákejì púrínsípà àti òṣìṣẹ́ mìíràn dì í mọ́ orí tábìlì, púrínsípà fúnra rẹ̀ sì fi pátákó nà án ju ogún ìgbà lọ. Ara ọmọ náà wú débi pé ó di ọ̀rọ̀ dókítà, ọjọ́ mélòó kan ni kò sì fi lè padà sí kíláàsì. Ẹjọ́ náà dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ní 1977, márùn-ún nínú àwọn adájọ́ mẹ́sàn-án ní abala òfin tó ń gba ọ̀daràn lọ́wọ́ ìyà ìkà kò kan ọmọ ilé-ìwé.

Ìtàn yìí kò ní í ya ẹni tó bá ṣe ilé-ìwé nílẹ̀ wa lẹ́nu. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé ni ọ̀ràn ń parí sí. Tísà á na ọmọ títí, bí ó bá sú u, á fi í ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì, níbi tí bílálà wà. Àwọn tó pẹ́ dé á kúnlẹ̀ lẹ́nu géètì, wọn á na ọwọ́ sókè títí apá á fi máa ro wọ́n. Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí gúúsù Nàìjíríà ń lò ṣì fàyè gba olùkọ́, ní abala 295, láti fi ẹgba tọ́ ọmọ sọ́nà níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti dá a lọ́gbẹ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí ìpínlẹ̀ Èkó sọ di tirẹ̀ ní 2007, ní kí ẹnikẹ́ni má fìyà jẹ ọmọ nílòkulò, kí wọ́n má sì tẹ́ ẹ. Láàárín òfin méjèèjì ni púrínsípà dúró sí. A ní kó gbé pàṣán sílẹ̀, a kò sọ iṣẹ́ tí yóò fi rọ́pò rẹ̀ fún un. Iṣẹ́ náà wà, ó sì le ju ẹgba nínà lọ fíìfíì.

Ìlànà kan wà tó fi iṣẹ́ náà hàn, ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà ló sì ti fìdí múlẹ̀. Rob Horner àti George Sugai, tí wọ́n jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Oregon ní ìlú Eugene nígbà náà, wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀. Ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ ti fi ń ran àwọn tó ní ìpèníjà tó le lọ́wọ́, láì fìyà jẹ wọ́n, ni wọ́n mú wọ ilé-ìwé lódindi. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ tún òfin ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà ṣe ní 1997, wọ́n dárúkọ ìlànà yìí sínú rẹ̀, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi owó ìjọba dá ibùdó kan sílẹ̀ láti máa tọ́ àwọn ilé-ìwé sọ́nà. PBIS ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ìgbéwà-rere-ró ni n ó máa pè é níhìn-ín. Ilé-ìwé tó lé ní 25,000 ló ti wọ̀ ní Amẹ́ríkà.

Ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé e wò, ní àárín àwọn ọdún 1990, ni ilé-ìwé Fern Ridge ní ìlú kékeré Elmira, nítòsí Eugene. Akẹ́kọ̀ọ́ wọn kò ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lé díẹ̀ lọ, síbẹ̀ láàárín ọdún ẹ̀kọ́ kan, iye ìgbà tí wọ́n fi ọmọ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì lé ní 2,000. Wọ́n fẹnu kò lórí ohun márùn-ún: bọ̀wọ̀ fúnni, mọ ojúṣe rẹ, wá kí o sì múra sílẹ̀, ṣe ohun tí wọ́n bá ní kí o ṣe, kó ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ mọ́ra. Kò sí èyí tó ṣàjèjì níbẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni pé wọ́n kọ́ ọmọ ní ohun márùn-ún yìí bí ìgbà tí wọ́n ń kọ́ ọ ní ìṣirò. Wọ́n kó àwọn ọmọ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, sí ilé oúnjẹ, sí ìdí bọ́ọ̀sì, wọ́n fi hàn wọ́n bí ọ̀wọ̀ ṣe ń rí níbi kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kí wọ́n ṣe é, wọ́n sì tún un ṣe. Ẹni tó bá ṣe dáadáa gba oríyìn lójú ẹsẹ̀. Kí ọdún tó yí po, ìfiránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ti fi ohun tó lé ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ṣùgbọ́n tó bá di ti ìwà, ilé-ìwé wa a máa ṣe bí ẹni pé ilé ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ kọ́ ọ parí. Ọmọ tí kò mọ ìsọdipúpọ̀, a ó tún un kọ́. Ọmọ tí kò mọ bí a ti í tò sórí ìlà, a ó nà án.

Ìbéèrè kan wà nínú ìlànà yìí tí mo fẹ́ràn ju gbogbo ìyókù lọ: kí ni ọmọ yìí ń rí gbà nínú ohun tó ń ṣe? Ẹ jẹ́ ká wo ọmọ tí kò lè kàwé dáadáa. Nígbàkígbà tí ìwé kíkà sókè bá ti ń kàn án, á ta ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nípàá. Tísà á bínú, á ní kó jáde síta. Ìta kò ní ìwé kíkà. Tísà rò pé òun fìyà jẹ ọmọ. Ọmọ rí ohun tó ń wá gbà, á sì tún un ṣe lọ́la. Kódà bí púrínsípà bá nà án níbẹ̀, àwọn ọmọ kan wà tó fẹ́ ẹgba mẹ́ta ju kí kíláàsì fi wọ́n rẹ́rìn-ín lọ. Ọmọ yìí ń fẹ́ ẹni tí yóò kọ́ ọ ní ìwé kíkà, ó sì ń fẹ́ ọ̀nà tí yóò fi sọ láìsí ìtìjú pé ìwé náà le. Ọmọ kejì lè máa ta ènìyàn nípàá nítorí kí wọ́n lè wo òun. Fún ìyẹn, àgbà kan nínú ilé-ìwé á máa kí i láàárọ̀, á fún un ní káàdì tí tísà kọ̀ọ̀kan yóò máa fi àmì sí, wọn á sì jọ yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí wọ́n bá ń jáde. Ìwà kan náà ni, oògùn rẹ̀ yàtọ̀.

Ta ni yóò wá rí i dájú pé ogójì tísà ń béèrè ìbéèrè yẹn kí inú tó bí wọn? Ibẹ̀ ni iṣẹ́ púrínsípà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn olùtọ́nisọ́nà a máa gba ilé-ìwé nímọ̀ràn pé kó má bẹ̀rẹ̀ àyàfi bí nǹkan bí 80 nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ bá gbà, nítorí àṣẹ lásán kò lè gbé e. Wọ́n á yan ìgbìmọ̀ kan, tísà láti oríṣiríṣi kíláàsì. Kò pọn dandan kí púrínsípà jẹ́ alága, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ jókòó níbẹ̀ lóṣooṣù, nítorí òun ló ní agbára lórí àkókò àti owó. Bí ó bá ń rán igbákejì wá ní gbogbo ìgbà, àwọn tísà á ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò ká a lára.

Nínú ìpàdé yẹn, wọ́n á wo àkọsílẹ̀: ọ̀ràn wo, níbo, ní aago mélòó, ta ni ó fi ránṣẹ́. Bí ìjà bá pọ̀ ní ilé oúnjẹ láàárín aago méjìlá sí méjìlá àbọ̀, ó lè jẹ́ pé ìlà oúnjẹ ló gùn jù. Púrínsípà á pín àkókò oúnjẹ sí méjì. Bí tísà kan bá ń fi ọmọ ránṣẹ́ ju gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, púrínsípà á lọ jókòó ní kíláàsì rẹ̀, kì í ṣe láti dẹ́bi fún un, láti ràn án lọ́wọ́ ni. Èyí ló le jù, nítorí ìwà àgbà ni ìlànà yìí kọ́kọ́ ń tún ṣe, ìwà púrínsípà ni àwọn tísà sì ń wò. Ẹni tó ń jágbe mọ́ tísà níwájú akẹ́kọ̀ọ́ kò lè ní kí tísà máa yin ọmọ.

Àwọn kan máa ń sọ pé oríyìn àti ẹ̀bùn dà bí àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀, n kò sì gbà. Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni a ń fúnni kó lè ṣe ibi; oríyìn wà fún rere tí ọmọ ti ṣe. Òótọ́ ni pé ilé-ìwé tó bá ń pín súìtì láì kọ́ ọmọ ní ohunkóhun kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ní ìpínlẹ̀ Maryland, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Johns Hopkins fi ọdún márùn-ún wo ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 37. Wọ́n ṣẹ́ kèké láti pín wọn: 21 gba ẹ̀kọ́ ìgbéwà-rere-ró, 16 kò gbà á. Àbájáde tí Catherine Bradshaw àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2010 fi hàn pé ìfiránṣẹ́ sí ọ́fíìsì àti dídá ọmọ dúró sílé dín kù níbi tí wọ́n ti kọ́ ọ. Ó dára, ṣùgbọ́n kò tíì tó. Ní ọdún ẹ̀kọ́ 2013 sí 2014, ọmọ dúdú kò ju nǹkan bí 15 nínú ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé ìjọba Amẹ́ríkà lọ, síbẹ̀ wọ́n jẹ́ nǹkan bí 39 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n dá dúró. Iye gbogbo lè dín kù kí àlàfo yẹn má sì dí. Púrínsípà tó bá fẹ́ dí i gbọ́dọ̀ ya àkọsílẹ̀ ọmọ dúdú àti funfun sọ́tọ̀, kó sì kà á sétí àwọn tísà rẹ̀. Òbí Yorùbá tó bá ní ọmọ níbẹ̀ lè béèrè fún un.

Kent McIntosh, ọ̀jọ̀gbọ́n mìíràn ní Oregon, ti ṣe ìwádìí lórí ohun tí kì í jẹ́ kí ètò yìí kú. Àtìlẹ́yìn ọ̀gá ilé-ìwé wà lára àwọn tó ṣe kókó jù. Ohun tó sì máa ń yí àwọn púrínsípà tí kò fẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀ lọ́kàn padà ni kí wọ́n ṣàbẹ̀wò sí ilé-ìwé tó ti ń ṣe é, kí wọ́n sì bá púrínsípà ẹgbẹ́ wọn sọ̀rọ̀. Bí púrínsípà bá wá lọ, ètò náà lè kú lẹ́yìn rẹ̀.

Èyí kàn wá gidigidi. Ní àwọn ìpínlẹ̀ bíi Ọ̀yọ́ àti Ògùn, àjọ TESCOM, tó ń bójú tó àwọn olùkọ́ ilé-ìwé girama, lè gbé púrínsípà láti ilé-ìwé kan lọ sí òmíràn, ẹni tuntun á sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bílálà tirẹ̀. Àkọsílẹ̀ tí mo ń sọ kò nílò kọ̀ǹpútà. Ìwé ńlá kan àti bírò tó o. Kí àjọ náà fi í kún ohun tí púrínsípà tó ń lọ gbọ́dọ̀ fà lé ẹni tó ń bọ̀ lọ́wọ́, pẹ̀lú ìwé owó àti kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì: ohun tí ilé-ìwé fẹnu kò lé lórí, àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀, iye ìfiránṣẹ́ oṣù kọ̀ọ̀kan àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Kí ẹni tuntun sì pe ìgbìmọ̀ náà jọ kí oṣù àkọ́kọ́ rẹ̀ tó parí.