Ilé Onírin Létí Ọ̀sà: Fífi Kọ̀ǹténà Kọ́ Ilé Gbígbé ní Agbègbè Ẹ̀pẹ́



1. Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ fi ṣe òṣùwọ̀n ohun gbogbo tí a bá sọ lónìí. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà tí ó ti Lẹ́kkí lọ sí Ẹ̀pẹ́ yóò rí kọ̀ǹténà lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n ti gé fèrèsé sí òmíràn lára, wọ́n ti kùn ún ní ọ̀dà, wọ́n sì ń tajà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹni náà dúró wò wọ́n ní ọ̀sán gangan. Yóò rí i pé púpọ̀ nínú àwọn tí ó ni ṣọ́ọ̀bù náà kì í jókòó sínú rẹ̀. Wọn a gbé àga síta, sábẹ́ ibòòji. Ọjà lè fara da inú irin, ṣùgbọ́n ara ènìyàn kò lè gbà á.

Nísinsin yìí tí àwọn kan fẹ́ máa sùn nínú ohun tí ọlọ́jà ń sá fún lọ́sàn-án, ó yẹ kí a béèrè: kí ni a ní láti ṣe sí àpótí ẹrù kí ó tó di ilé tí ènìyàn lè sinmi nínú rẹ̀? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Sìmẹ́ǹtì àti irin rọ́ọ̀dù ti wọ́n ju agbára ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ lọ. Ẹni tí ó bá kó owó tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú lé ilé tí kò ṣeé gbé, àdánù ńlá ni ó ṣe.

2. Bí kọ̀ǹténà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1956, ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Ideal X gbéra ní Newark ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó forí lé Houston, ó sì ru àpótí ẹrù 58. Malcom McLean, ẹni tí ó ti ń fi ọkọ̀ akẹ́rù ṣòwò tẹ́lẹ̀, ni ó gbé ète náà kalẹ̀. Kò fẹ́ kí a máa tú ẹrù ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan láti inú ọkọ̀ ilẹ̀ sínú ọkọ̀ omi mọ́. Ó fẹ́ kí a gbé àpótí náà tòun ti ẹrù inú rẹ̀. Nígbà tí ó yá, àwọn orílẹ̀-èdè fohùn ṣọ̀kan lórí ìwọ̀n rẹ̀. Èyí tí ó wọ́pọ̀ gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 20 tàbí 40, ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 8, ó sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 8 àti íǹṣì 6. Òmíràn wà tí ó fi ẹsẹ̀ bàtà kan ga jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èbúté Àpápá àti ti Tin Can Island, tí a ṣí ní ọdún 1977, ni kọ̀ǹténà ń gbà wọ Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, a ṣí èbúté tuntun ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí, ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ gan-an. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹténà tí ó kó ẹrù wọlé fún wa ni ó ń padà lófìfo, àwọn tí ó ti gbó a sì di títà.

Kì í ṣe àwa ni a kọ́kọ́ rò ó pé a lè gbé inú rẹ̀. Ní ọdún 1989, ìjọba Amẹ́ríkà fún Phillip Clark ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà tí a lè gbà sọ kọ̀ǹténà di ilé. Ní ọdún 2001, wọ́n kọ́ Container City sí etí odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 2006, wọ́n parí ilé Keetwonen fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Amsterdam, tí iye yàrá rẹ̀ tó 1,000. Ẹ jẹ́ kí a fiyè sí i pé ilẹ̀ òtútù ni Lọ́ńdọ̀nù àti Amsterdam. Lọ́hùn-ún, bí ooru kò ṣe ní jáde ni wọ́n ń wá. Níhìn-ín, bí kò ṣe ní wọlé ni ó jẹ wá lógún. Ẹni tí ó bá da àwòrán ilé wọn kọ láìyí i padà yóò kàn kọ́ ààrò ni.

3. Ibi tí agbára rẹ̀ wà

Bí a bá to kọ̀ǹténà léra nínú ọkọ̀ ojú omi, òpó igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó ń ru ẹrù náà. Irin ògiri rẹ̀ kò nípọn tó mìlímítà méjì ní ọ̀pọ̀ ibi. Kíká tí a ká a bíi páànù ni ó jẹ́ kí ó le. Síbẹ̀, ògiri yìí kì í ṣe aṣọ lásán, nítorí òun ni ó di àwọn òpó náà mú kí wọ́n má baà yẹ̀. Nítorí náà, gbèsè ni gbogbo ojú fèrèsé tí a bá gé. A ní láti fi férémù irin san án padà yí ojú náà ká. Bí a bá sì fẹ́ so méjì pọ̀, tí a yọ ògiri àárín wọn, àfi kí a fi òpó àti igi àjà onírin rọ́pò ohun tí a yọ. Iṣẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ni ìṣirò yìí. Kí a má ṣe fi lé ajórinmọ́rin nìkan lọ́wọ́. Òrùlé rẹ̀ pẹ̀lú kò nípọn, kò sì yẹ kí a kó iyẹ̀pẹ̀ tàbí táǹkì omi lé e.

Ní ti ìpìlẹ̀, kọ̀ǹténà ní àǹfààní tí ilé búlọ́ọ̀kù kò ní. Èyí tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 20 kò wúwo ju tọ́ọ̀nù méjì àti díẹ̀ lọ bí ó bá ṣófo. Létí ọ̀sà, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀, a lè gbé e lé orí òpó kọnkéré, kí omi òjò àti atẹ́gùn lè máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ yẹ ilẹ̀ náà wò.

4. Ooru, iyọ̀ àti ọ̀rinrin

Irin ń jẹ́ kí ooru kọjá ju búlọ́ọ̀kù lọ ní ìlọ́po ogún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ọlọ́jà fi ń jókòó síta. Ẹ̀rọ amúlétutù nìkan kò lè wo àrùn yìí sàn, pàápàá níbi tí iná mànàmáná kò dúró. Ohun tí ó ṣe kókó jù ni òrùlé kejì: kí a fi páànù bo òkè kọ̀ǹténà, kí àyè wà láàárín wọn fún atẹ́gùn, kí etí òrùlé náà sì yọ síta dáadáa. Lẹ́yìn èyí, kí a fi ohun tí ń dá ooru dúró tẹ́ ògiri nínú, kí fèrèsé dojú kọ fèrèsé, kí ẹ̀gbẹ́ gígùn ilé sì kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ má baà máa lu ògiri tí ó tóbi.

A ṣe irin kọ̀ǹténà kí ó má tètè dógùn-ún, ṣùgbọ́n atẹ́gùn iyọ̀ kì í sinmi. Ojú ibi tí a gé àti ibi tí a jó pọ̀ ni ó kọ́kọ́ máa ń bàjẹ́, nítorí náà kí a kùn wọ́n kíákíá, kí a sì máa tún wọn kùn. Kí a tún wo ilẹ̀ rẹ̀: oògùn kòkòrò ni wọ́n sábà máa ń fi sára pákó náà. Àwo irin tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ sábà máa ń sọ irú oògùn tí ó jẹ́. Bí a kò bá mọ̀ ọ́n, ó sàn kí a yọ pákó náà ju pé kí ọmọdé máa rá lórí rẹ̀.

5. Àgbàlá ni ó ń sọ ọ́ di ilé

Bí a bá ti tẹ́ ògiri nínú tán, fífẹ̀ yàrá náà kò ju ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ púpọ̀. Bí a bá dá ibùsùn bùú, ọ̀nà dí. Àwọn kan rò pé àléébù tí kò lóògùn nìyí. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Yàrá àwọn baba wa pẹ̀lú kéré, ó sì ṣókùnkùn, nítorí pé orun àti ẹrù nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àgbàlá ni wọ́n ti ń jẹun, tí wọ́n ti ń gbàlejò, tí wọ́n sì ti ń parí ìjà. Bí a bá to kọ̀ǹténà méjì tàbí mẹ́ta yí àgbàlá ká, tí òrùlé páànù kan ṣoṣo bò wọ́n, tí ó sì fún wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àpótí náà yóò padà sí iṣẹ́ yàrá, ìgbé ayé yóò sì wà níbi tí atẹ́gùn wà.

6. Owó àti òfin

Ẹni tí ó ra kọ̀ǹténà, ògiri ni ó rà. Owó tírélà àti kíréènì, ti ìpìlẹ̀, òrùlé, ilẹ̀kùn, iná, omi àti ilé ìyàgbẹ́ ṣì ń bẹ níwájú. Ohun tí ó ń dín kù dájúdájú ni àkókò àti sìmẹ́ǹtì. Ó dára fún ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ rọ̀, fún ẹni tí ọjọ́ ń lé, àti fún ẹni tí ó lè ní láti kó kúrò lọ́la. Ẹni tí ó ń wá ọ̀pọ́ nìkan, kí ó kọ́kọ́ jókòó ṣírò rẹ̀. Kí a má sì gbàgbé pé ilé ni ó jẹ́ lójú òfin: a ní láti gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, kí a sì gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tí ó ta kọ̀ǹténà náà, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀.

7. Àgbálọgbábọ̀

Ẹ̀pẹ́ mọ bí a ti ń gba àlejò. Nígbà tí ìbọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní ọdún 1851, Ẹ̀pẹ́ ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fi ṣe ibùdó títí di ọdún 1862. Àlejò ni kọ̀ǹténà náà. Mo rò pé ó yẹ kí a gbà á, ṣùgbọ́n kí ó kọ́ àṣà ilé tí ó wọ̀: kí ó wọ òrùlé, kí ó yọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ó sì yí àgbàlá ká. Bí ọ̀sán bá pọ́n, tí onílé sì lè wọlé lọ sinmi dípò kí ó gbé àga síta, nígbà náà ni a tó lè pè é ní ilé.